Ìdọ̀bálẹ̀ Bánjọ

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ní ká lọ bẹ̀ wọ́n. Kí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lọ bẹ ẹni tó ṣe é léṣe! Èmi Abọ́sẹ̀dé, tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Calgary láti ìgbà tí Auburn Bay tí mò ń gbé yìí ṣì jẹ́ pápá màlúù, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Bàbá Clement, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, ló kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù.

“Abọ́sẹ̀dé, ṣé o mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́?”

“Bàbá, ta ló fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́?”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù láti kékeré. Calgary níbí la ti mọra, mo ti bímọ kí wọ́n tó mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọlábánjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Bánjọ, ni àbúrò tó tẹ̀ lé mi. Iṣẹ́ iná ló kọ́. Ó gba PR, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú títí lọ, ó wá sí Canada, ó sì ríṣẹ́ lókè lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ó ti ń ṣètò ìwé ìyàwó rẹ̀, Oyèníkẹ́, kí òun náà lè ti Abẹ́òkúta wá bá a. Àfi bí owó epo ṣe já wálẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bánjọ bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ló bá kó wá sí basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Castleridge ní Calgary níbí, nítorí pé ibẹ̀ ò wọ́n.

Lọ́dún 2016, nígbà tí snow ń yọ́ lọ́wọ́, ó rí iṣẹ́ mìíràn ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn officer immigration méjì wá kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ti gbé inú basement yẹn ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti parí. Wọn ò béèrè orúkọ. Wọ́n rí aláwọ̀ dúdú nínú basement, ó ti tó wọn. Wọ́n ní kó kọjú sí ògiri, wọ́n ń jágbe mọ́ ọn, wọ́n sì ti ń yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

Bánjọ wá ṣe ohun tí bàbá wa fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọ pé kó máa ṣe bí àgbà tàbí aláṣẹ bá ń bínú sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú wọn, ó ń wí pé, “Please sir, please sir.” Onírùngbọ̀n pupa tó wà níwájú nínú àwọn méjèèjì rò pé ẹsẹ̀ òun ló fẹ́ fà. Ni wọ́n bá bẹ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n lọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí nǹkan fi já ní èjìká. Ìgbà tó ń ké ni wọ́n tó rántí yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n rí PR card nínú rẹ̀. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wojú rẹ̀. Wọ́n ní kó má bínú, òun kọ́ ni àwọn ń wá. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Emergency ilé ìwòsàn ni mo ti bá a, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún dání. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, “Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ibi iṣẹ́ yẹn, ẹ sọ fún wọn pé mo máa pẹ́ díẹ̀.” Mo sunkún níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn mi.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà sọ fún un pé ọwọ́ yẹn ò tún ní kọjá orí mọ́, kí ni electrician fẹ́ ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè kan àjà? Síbẹ̀ Bánjọ ní òun ti gbé e fún Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde. Ó ń sùn ní yàrá àlejò mi, ó ń fi ọwọ́ kan fọ àwo, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà títí ó fi sú mi.

Ọmọ mi Tamílọ́rẹ, tí mo bí síbí, tó ń lọ sí yunifásítì nígbà yẹn, ni ò gbà.

“Uncle, you can ask for your file. Whatever they wrote about you, you have a right to see it.”

“Tamí, fi wọ́n sílẹ̀,” Bánjọ dáhùn.

“Just ask. Asking isn’t fighting.”

Bánjọ béèrè torí kí Tamí lè jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí fáìlì dé, àwa mẹ́ta la jókòó tì í nídìí tábìlì. Ohun tí àwọn officer kọ nípa àárọ̀ ọjọ́ náà kò pọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà kọlu officer, pé ó ju ara rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti gbé e ṣubú, pé agbára díẹ̀ ni àwọn fi dá a dúró.

Bánjọ kà á tán, ó tún un kà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Àbúrò mi tí kì í bá ajá jà! Inú fáìlì kan náà ni ìwé Oyèníkẹ́ wà. Ta ló máa ṣí fáìlì ọkùnrin tó kọlu officer, tí á tún wá fún ìyàwó rẹ̀ láyè láti wọlé? Títí láé, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn, ohun tó máa kọ́kọ́ rí nìyẹn.

“Sister mi,” ó wí, “ẹ bá mi wá lọ́yà.”

Lọ́yà tí a rí ń jẹ́ Caroline. Downtown ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, nínú ilé gogoro kan tí ìdajì rẹ̀ ti ṣófo, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ epo ti kó lọ. Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ ápù nígbà tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní ọ̀nà tó wà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ní a lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn ọ̀gá officer náà fúnra wọn, nítorí pé kò sí ìgbìmọ̀ mìíràn lókè wọn tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ológbò ló máa dájọ́ ẹran tí ó jẹ ni? Caroline gé ápù rẹ̀ jẹ, ó ní ká kọ ọ́ náà, ìdáhùn tí wọ́n bá fún wa á wúlò lọ́jọ́ iwájú. Ó ní bí a bá gbà pé nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe hùwà sí i bẹ́ẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà tó lè gbọ́ ọ, kìkì pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọdún yípo. Ó wá sọ èyí tó wù mí. Ó ní a lè pe ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Alberta níbí, nítorí pé ìjọba ló ni ẹ̀bi ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún méjì ni òfin fún wa láti fi pè é. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá, ó di ti ẹ̀yìn.

Bánjọ bi í léèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù gan-an. “Tí mo bá pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣé wọn ò ní gba PR mi?”

Caroline gbé ápù sílẹ̀. Ó ní kò sí òfin kankan tó ní kí wọ́n gba ìwé ẹni tó lọ sí kóòtù. Ó ní kóòtù yẹn, ti Bánjọ ni, bó ṣe jẹ́ ti ẹni tí wọ́n bí síbí. Mo sọ fún un pé nílé wa, a máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní kí n tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Mo gbà,” Bánjọ ní. “Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí mo fẹ́. Owó èjìká, tí wọ́n bá san án, ẹ ṣeun. Gbólóhùn inú fáìlì yẹn ni kí wọ́n yọ.”

Bó ṣe di ẹjọ́ nìyẹn. Kò sì sí ọjọ́ Sunday kan tí Bàbá Clement ò ní wá sílé mi. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé ni Bàbá, wọ́n ti parí ìjà tọkọtaya, ìjà onílé àti ayálégbé, ìjà pásítọ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọlé, Bánjọ á rọra fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀, nítorí pé èjìká ò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa mọ́. Bàbá á ní, “Ìjọba ni, ọmọ mi. A kì í bá ìjọba jà. Ká kó àwọn àgbà jọ, ká lọ sí ọ́fíìsì wọn, ká bá wọn sọ̀rọ̀.” Èmi á ní, “Bàbá, ẹ jẹun.”

Nígbà tó yá, wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn lọ́yà máa fọ̀rọ̀ wá Bánjọ àti officer onírùngbọ̀n pupa lẹ́nu wò. Kì í ṣe níwájú adájọ́. Yàrá ìpàdé kan ní ọ́fíìsì Caroline ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa búra, obìnrin kan á sì máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni sórí ẹ̀rọ. Lọ́yà ìjọba máa bi Bánjọ léèrè láàárọ̀, Caroline á sì bi officer léèrè ní ọ̀sán. Wọ́n gbà kí n jókòó sẹ́yìn bí mo bá lè pa ẹnu mi mọ́. Mo mú ṣingọ́ọ̀mù dání nítorí ẹ̀.

Onírùngbọ̀n pupa yẹn wà níbẹ̀, ó jókòó ti lọ́yà rẹ̀. Mo ti rò pé màá rí òmìrán. Ọkùnrin lásán ni, ó wọ súùtù tó fún un lọ́rùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́yà ìjọba gbọ́n, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bi Bánjọ léèrè. Ó ní, “O sọ pé o ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀, ṣé kì í gbé ọwọ́ sókè? Kí ló dé tí o fi ju ara rẹ sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ officer?” Bánjọ ní bí àwọn ṣe ń bẹ àgbà nílé àwọn nìyẹn. Lọ́yà ní òun ò rí irú ẹ̀ rí nínú gbogbo iṣẹ́ tí òun ti ṣe, pé ó jọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ronú kàn lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé o lè fi hàn wá?”

Caroline ní kò pọn dandan kó ṣe é.

“Rárá,” Bánjọ wí. “A kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣeré. Èèyàn là ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ta ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún níbí?”

Lọ́yà yíjú sí obìnrin ẹlẹ́rọ, ó ní kó wà lákọsílẹ̀ pé ó kọ̀ láti fi hàn. Mo rún ṣingọ́ọ̀mù yẹn bí ẹni pé òun ni lọ́yà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn, pé ó kọ̀, á lọ bá gbólóhùn tó wà nínú fáìlì, wọ́n á jọ máa gbé pọ̀.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá Clement ló wọlé, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lórí agbádá àti fìlà tó gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n ti lọ bá ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn wá nítorí ẹjọ́ Ọlábánjọ, òun náà rò pé ẹlẹ́rìí ni, ló bá júwe yàrá fún wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni Bàbá bá wá! Wọ́n fẹ́ bẹ lọ́yà ìjọba àpapọ̀ ti Canada.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́,” Bàbá bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin èèyàn mi, good morning. Ẹ jẹ́ ká—”

Bánjọ ti wà nílẹ̀.

Kò rò ó tẹ́lẹ̀, mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ó sì gbàgbé pé èjìká òun ò dáa. Ó kúrò lórí àga, ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà Bàbá. Lọ́yà ìjọba ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Clement kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ o. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, àgbà gbọ́dọ̀ ṣàdúrà. Wọ́n na ọwọ́ sórí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. “Wàá dàgbà. O ò ní ṣubú. Ohun tó ń lé ọ, kò ní lé ọ bá. Oyèníkẹ́ á dé láyọ̀.” Mo ń ṣe àmín lẹ́yìn, ṣingọ́ọ̀mù wà lẹ́nu mi. Obìnrin ẹlẹ́rọ wo Caroline bí ẹni tó fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

“Dìde, ọmọ mi,” Bàbá wí.

Kò lè dìde. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbé e. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ń wá ibi tó máa gbá mú. Mo ti dìde láti lọ gbé e nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ láti àárọ̀.

“Ohun tó ṣe nìyẹn.”

Officer yẹn ni. Ó ti dìde dúró. Lọ́yà rẹ̀ fọwọ́ kàn án lápá, kò jókòó.

“Bó ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Títí kan ibi tó gbé orí sí.”

Mo gbé Bánjọ dìde, mo fi í jókòó. Caroline wá fi ohùn kékeré bi obìnrin ẹlẹ́rọ pé, “Ṣé a ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀?”

“A ṣì ń kọ ọ́,” obìnrin náà dáhùn.

“Ẹ ṣeun,” Caroline wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, officer náà búra. Caroline bi í bóyá ọkùnrin tó rí nílẹ̀ láàárọ̀ kọlu bàbá arúgbó yẹn. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ohun tí Bánjọ ṣe ní Castleridge yàtọ̀ sí ti àárọ̀ yìí. Ó ní kò yàtọ̀. Ó ní ohun tí òun rò lọ́jọ́ yẹn lòun kọ, pé òun rò ó sódì. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n nígbà tí òtítọ́ kàn án, ó sọ ọ́.

Bàbá Clement ò rẹ́ni bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú lift tó ń gbé wa sọ̀kalẹ̀, wọ́n bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Abọ́sẹ̀dé, àbí mo ba nǹkan jẹ́ ni?” Mo kúnlẹ̀ fún wọn níbẹ̀, láàárín àwọn òyìnbó. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò sì tán títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọba ní àwọn fẹ́ yanjú ẹ̀ láìdé iwájú adájọ́. Wọ́n máa sanwó èjìká, ó sì tó nǹkan. Wọ́n sì kọ gbólóhùn tuntun tí wọ́n máa fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ nínú fáìlì. Caroline kà á fún wa. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni náà kò kọlu officer, pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àwọn officer ní ọ̀nà àṣà ìbílẹ̀ rẹ̀ ni.

Mo fò sókè. Mo pariwo. Mo ti ń ro ohun tí màá sè. Bánjọ gba ìwé náà lọ́wọ́ Caroline, ó kà á fúnra rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí tábìlì.

“Rárá o.”

“Bánjọ, rárá kí ni?”

“Sister mi, mi ò bọ̀wọ̀ fún wọn. Kí ni wọ́n ṣe tí mo fi máa bọ̀wọ̀ fún wọn? Bàbá Clement ni mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn yẹn, mò ń bẹ̀ wọ́n ni. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n máa pa mí. Kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Caroline ní òun lè dá a padà, ṣùgbọ́n ó lè fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì lè ní àwọn ò ṣe mọ́. Mo wo àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ òsì ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ Caroline. Èmi tí mo ti ń fi ẹnu jagun láti ọjọ́ yìí, èmi ló ń ṣe bíi pé kó gbà á. Mo pe Bàbá Clement lórí fóònù, mo rò pé wọ́n á bá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

“Sọ fún un kó dá a padà,” Bàbá wí. “Ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀.”

A dá a padà. Ó pẹ́, oṣù ń gorí oṣù. Wọ́n kọ èyí tí ó sọ pé ó “dà bíi pé” ó ń bẹ̀bẹ̀, Bánjọ dá ìyẹn náà padà. Snow mìíràn ti já bọ́, ó ti bo gbogbo àgbàlá mi, kí èyí tó kẹ́yìn tó dé. Gbólóhùn kúkúrú ni:

Ọkùnrin yìí kò kọlu ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé ká má ṣe òun léṣe. Àwa la ṣe é léṣe.

Bánjọ fọwọ́ sí i. Ó ní kí n bá òun pe Oyèníkẹ́ lórí WhatsApp, kí n gbé fóònù dání, nítorí pé òun fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú. Oyèníkẹ́ yọ sí wa, iná ti lọ ní Abẹ́òkúta, tọ́ọ̀ṣì ló fi ń tan ojú rẹ̀. Bánjọ kà á fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Oyèníkẹ́. Obìnrin náà gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

“Tún un kà,” ó wí.

Bánjọ tún un kà.